Òkúta Tí A Kọ Nọ́ńbà Sí Lára

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì sí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó yíjú sí ààfin olódi Kumamoto ní ilẹ̀ Jàpáànì.

Balógun Kato Kiyomasa ni ó parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1607. Ní 1877, ilé gíga àárín rẹ̀ jóná nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ọ̀tẹ̀ Saigo Takamori tó wá dó tì í. Síbẹ̀, wọ́n dó tì í fún ohun tí ó lé ní 50 ọjọ́, wọn kò rí i gbà. Kọnkéré ni a fi tún ilé gíga náà kọ́ ní 1960.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá méjì wáyé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò. Ògiri olókùúta ààfin náà sì ya lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi.

Àlejò tí ó bá dé ibẹ̀ lónìí yóò gba orí afárá tí a ṣí ní 2020 kọjá lókè àwókù náà. A ti ṣí ilé gíga padà ní 2021. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí ó ga jù ni àwọn òkúta tí a tò sílẹ̀, tí a kọ nọ́ńbà sí lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò àtijọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wá ipò wọn, kí olúkúlùkù lè padà sí ibi tí ó ti wà. Ọdún 2037 ni a kọ́kọ́ dá fún ìparí iṣẹ́ náà. A ti sún un sí 2052.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: kí ni ti òkúta, nígbà tí ènìyàn pàdánù ilé? Ìbéèrè náà tọ́. Ilé aráàlú ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò ìjọba nìkan ni owó iṣẹ́ yìí ti ń wá. Ẹni tí ó bá dá 10,000 yẹ́ẹ̀nì, olúwa ààfin ni wọ́n ń pè é. Ní ayé Kiyomasa, ẹnìkan ṣoṣo ni olúwa. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Ohun tí a fi kọ́ odi ọlọ́lá di ogún mẹ̀kúnnù.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyí yóò ti fẹ̀yìntì kí 2052 tó dé. Àwọn tí yóò to òkúta ìkẹyìn ń jókòó lórí àga ilé-ẹ̀kọ́ nísinsìnyí. Ẹ̀yin olùkọ́ni, ẹ ronú sí i: nọ́ńbà ara òkúta kò wúlò bí kò bá sí ọmọ tí a kọ́ láti kà á.