Ìbò Tó Ṣeé Tún Dì

Ṣé o mọ̀ pé ní Estonia, ẹni tó dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ lè pa ọkàn dà lálẹ́, kó sì tún un dì? Ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀. Láàárín àwọn ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀, èèyàn lè dì í lẹ́ẹ̀mẹwàá. Èyí tó dì kẹ́yìn ni wọ́n máa kà. Bó bá wá lọ fi bébà dìbò ní ibùdó, bébà ló borí.

Ọgbọ́n ńlá ni. Bí ọkọ bá dúró lé ìyàwó lórí, tàbí tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní dandan òun máa rí ojú kọ̀ǹpútà, onítọ̀hún á dì í bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á lọ tán, á tún tirẹ̀ dì. Àwọn tó ń pín owó "dìbò kí o sebẹ̀" lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà ńkọ́? Ta ni yóò náwó lé ìbò tó lè yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́? Nígbà tó fi di 2023, ó lé ní ìdajì ìbò ilé aṣòfin Estonia tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré ni wọ́n fi ń dìbò ní Gáńbíà? Àwòrán olùdíje kọ̀ọ̀kan wà lára dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀. Olùdìbò á ju bọ́ọ̀lù sínú ihò, á ba agogo inú rẹ̀, gbogbo ará ìta á sì gbọ́. Tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, àṣírí ti tú. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ agogo kẹ̀kẹ́ nítòsí.

Ní Iceland, èèyàn 25 tó ń kọ ìwé òfin ìpìlẹ̀ tuntun fún orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 2011 gbé e sórí Facebook kí ará ìlú lè dá sí i. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò lé e lórí lọ́dún 2012 fọwọ́ sí i. Ilé aṣòfin kò sọ ọ́ dòfin títí dòní, ó sì dùn mí.

Ṣé o mọ̀ pé ìwọ náà lè wo ìwé èsì ibùdó ìdìbò àdúgbò rẹ lórí fóònù? IReV ni àjọ elétò ìdìbò wa, INEC, ń pe ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó wà fún un. Ẹ̀rọ BVAS ni òṣìṣẹ́ fi ń ya ìwé èsì ránṣẹ́ síbẹ̀. Ní oṣù kejì 2023, èsì ìbò ààrẹ kò tètè gòkè bí wọ́n ṣe ṣèlérí, inú sì ń bí ọ̀pọ̀ wa di bí mo ṣe ń kọ èyí. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, má kúrò ní ibùdó láìya fọ́tò ìwé èsì tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Bí ti orí IReV bá ti dé, fi wọ́n wéra, nọ́mbà sí nọ́mbà.