"Kí ló wí?": Ọdún 1976 tí Súútìn gbé ife wálé

Iṣẹ́ aránṣọ ni bàbá mi ń ṣe lójúde ilé wa ní Bẹ̀yẹrúnká, Ìbàdàn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ni ògbufọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Súútìn bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àárọ̀ ni yóò ti sá bátìrì rédíò sóòrùn, kí ó lè sọjí díẹ̀. Bí asọ̀rọ̀ orí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀, màá fa àpótí mi sún mọ́ máṣíìnì ìránṣọ, Bàbá á wá máa bi mí léraléra: "Kí ló wí?"

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ 3SC tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Lekan Salami l'Adámásìngbà. Láyé tiwa, IICC Shooting Stars ni orúkọ rẹ̀, nítorí iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ń yá àwọn onílé-iṣẹ́ lówó ló ni ín. Kó tó di IICC, WNDC ló ń jẹ́. Pápá Liberty l'Ókè-Àdó ni ilé wọn, pápá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1960, níbi tí Dick Tiger ti na Gene Fullmer lọ́dún 1963. Ẹnu ará Ọjà'ba kò bá Gẹ̀ẹ́sì yẹn fa wàhálà: Súútìn ni gbogbo wa ń pè é.

Ọdún 1976 kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa nílé wa. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejì, ìjọba Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Murtala fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ìpínlẹ̀ wọn. Akọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá ń gbé yàrá kejì sí tiwa; ìyàwó rẹ̀ ló máa ń di irun mi. Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù wọn sọ́kọ̀, Bàbá kò ránṣọ. Ó ní wọ́n ti pín wa bí ẹni pín ẹran.

Ṣùgbọ́n Súútìn kò pín. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Múdà Lawal, tó ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dìde. Abẹ́òkúta náà ni wọ́n ti bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Jọ́ọ̀sì ló dàgbà sí, Pólì Ìbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lójú ìwé ìjọba, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwọn méjèèjì láti oṣù Kejì yẹn. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó sọ ọ́ tán! Mẹkáníìkì ló ń gbá bọ́ọ̀lù sí ọmọ Pólì, Ìbàdàn ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá mú mi lọ sí Liberty lọ́dún náà. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín, láti Ọjà'ba gba Gégé àti Fọ́kọ̀ bọ́ sí Òkè-Àdó, èrò sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń lọ. "Ọ̀pù Súútìn! Ọ̀pù, ọ̀pù Súútìn!" Orí èjìká Bàbá ni mo ti rí Ọdẹ́gbàmí lápá ọ̀tún, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ó dá bọ́ọ̀lù dúró létí ìlà funfun, ẹni tó ń ṣọ́ ọ náà dúró. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn náà ó ti bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ kan, òun gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀nà sì ti là. "Mathematical" ni wọ́n ń pè é lórí rédíò, torí pé gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ dà bí ìṣirò.

Lóṣù Keje, òun àti àwọn yòókù nínú ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí Montreal fún ìdíje Òlíńpíìkì. Wọ́n padà wálé láìgbá bọ́ọ̀lù kankan, nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀ láti kópa: New Zealand ti lọ bá South Africa elẹ́yàmẹ̀yà ṣeré rọ́gíbì. Bàbá ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn ún.

Ife Áfíríkà tí a ń lé lọ́dún náà ni ti àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975. Ẹgbẹ́ méjì á pàdé lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lóko, wọ́n á wá ro gólì pọ̀. Bí Bàbá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi nìyí: "Ọjà méjì la máa ná, ilé la ti máa ka èrè." Súútìn borí Zamalek ti Íjíbítì kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Tonnerre ti Yaoundé ló ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, àwọn gan-an ló gba ife náà lọ́dún àkọ́kọ́, Roger Milla sì wà láàárín wọn. Nílé, a gbá mẹ́rin sí wọn, wọ́n gbá ẹyọ kan sí wa.

Súútìn ti rí ayọ̀ àti ẹkún lẹ́yìn ìgbà náà. Rangers Enugu lé wa jáde lọ́dún 1977, àwọn ló sì gba ife náà. Zamalek gbẹ̀san ní àṣekágbá ife àwọn akọni ní 1984. A gba ife CAF ní 1992. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dárúkọ Súútìn, ojúde wa ni ọkàn mi ń lọ, lọ́jọ́ tí wọ́n gbá èkejì ní Yaoundé.

Gbogbo ohun tí a ń bẹ̀ ni pé kí wọ́n má gbá mẹ́ta sí wa. Bùbá oníbàárà kan wà lórí máṣíìnì, ẹsẹ̀ Bàbá wà lórí pẹ́dà, ṣùgbọ́n máṣíìnì kò yí. Rédíò ń há, ohùn ń lọ, ó ń bọ̀. Ló bá di pé asọ̀rọ̀ náà pariwo, tí ariwo èrò bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí ló wí?"

Mi ò lè dáhùn. Ẹnu mi wúwo.

"Wọ́n ti gbá a sí wa, àbí?"

Mo mi orí.

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan, Bàbá."

Ó mú téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ka nọ́ńbà mẹ́rin lórí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ méjì mọ́lẹ̀, ó wo èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa pẹ́dà, jẹ́jẹ́, kò sì dáwọ́ dúró. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Gólì kò sì wọlé mọ́.

Mi ò tíì túmọ̀ fèrè ìkẹyìn tí ariwo ti dé láti Bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti wà lójú títì láìwọ bàtà. A ti gba ife, a sì gba ti líìgì ilẹ̀ wa mọ́ ọn lọ́dún kan náà. A jẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà. Òru ni Bàbá wọlé.

Èmi ni mo palẹ̀ máṣíìnì mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbé bùbá yẹn sí iná àtùpà. Ihò abẹ́rẹ́ tò létí rẹ̀ láti òkè délẹ̀, wọ́n gún régé. Kò sí òwú kankan nínú wọn.