Omi Ọgbà Ẹ̀fọ́ ní Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìjan-Èkìtì

Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ dé Ìjan-Èkìtì, kì í pẹ́ kí aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye korobá tí aládùúgbò rẹ̀ fà nínú kànga. Ẹni tí ó gbin ẹ̀fọ́ ń wá omi. Ìyá tí yóò se oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá omi pẹ̀lú. A kò lè dá ẹnì kan lẹ́bi nínú wọn. Orí àpáta ni ilẹ̀ Èkìtì dúró lé, omi kànga kò sì ju èyí tí òjò fi pamọ́ sínú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta náà. Nígbà tí òjò bá dá ní oṣù kọkànlá, omi náà a máa lọ sílẹ̀ títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin.

Síbẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ẹ̀fọ́ ń lówó lórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìjọba Àpapọ̀ àti ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tí a dá sílẹ̀ ní 2009, tí méjèèjì wà ní ọ̀nà Adó sí Ìjan, kì í dẹ́kun oúnjẹ jíjẹ nítorí pé òjò kò rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ebè ẹ̀fọ́ kan bá gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1, oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè gba lítà 40 sí 50 lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kan: kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì. Púpọ̀ nínú omi yìí ni kò dé ẹnu gbòǹgbò rárá. Láti ara ilẹ̀ tí a tú sí ìhòòhò ni ó ti fò lọ.

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ èyí tipẹ́. Ẹni tí ó bá gbin iṣu ní ẹ̀ẹ̀rùn a fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, kí oòrùn má baà se èèbù. Èé ṣe tí ẹni kan náà fi ń fi ebè ẹ̀fọ́ sílẹ̀ láìbò? Kí ó fi koríko tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bò ó, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ó má kan ìdí ẹ̀fọ́, nítorí ikán. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ó bomi rin ín, ní ìdí, kì í ṣe lórí ewé. Ó sàn kí omi wọlé jinlẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì ju kí a máa wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, àfi irúgbìn tí kò tíì hù.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn ará Ṣáínà ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn: kí a ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, kí a pọn omi sínú rẹ̀, kí a sì dé e. Omi a máa ṣẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ara amọ̀ lọ sí ìdí ata àti tòmátì tí ó yí i ká. Fún tẹ̀tẹ̀ tí a fọ́n káàkiri, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ìkòkò kò sì jìnnà sí wa. Ìṣàn-Èkìtì ni a ti mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Kí ẹni tí ń rà á bèèrè èyí tí a kò kùn, nítorí èyí tí a kùn kì í ṣẹ́ omi. Bí òjò bá padà dé, kí ó hú u, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ lábẹ́ òjìji.