Àwọn ìbéèrè yín lórí ìwé Lápàdé (ọ̀rọ̀ ohùn tí a kọ sílẹ̀)

Láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín pé mo ní ìwé Lápàdé lórí àtẹ, ìbéèrè ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Àwọn kan fi ohùn ránṣẹ́, àwọn kan tẹ̀ ẹ́ wọlé, Àlájà ẹlẹ́lùbọ́ tiẹ̀ dá mi dúró lọ́nà mọ́ṣáláṣí. Mi ò lè máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn, ẹ jẹ́ kí n dà á pọ̀. Ẹni tó máa bá wa kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, jọ̀ọ́, fi àmì sórí rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Èyí tí wọ́n bi mí jù ni pé ìwé mélòó ni, èwo ló ṣáájú. Mẹ́ta ni. Bàbá tó kọ wọ́n ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, wọ́n bí i ní 1929, iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971, Ká Rìn Ká Pọ̀ wá dé ní 2007. Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn ni kí ẹ ṣe kà á. Mo mọ̀ pé Àgbàlagbà Akàn nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú yín, torí òun ni ẹ bá nínú àpótí bàbá yín. Ẹ lè kà á bẹ́ẹ̀, kò ní dàrú mọ́ yín lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín ò ní mọ adùn ohun tó wà láàárín Lápàdé àti Tàfá Ìgírípá. Tàfá yìí, ọwọ́ òun náà ò mọ́ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ òun ló wá di ẹnìkejì Lápàdé. Ẹni tó bá ti pẹ́ lọ́jà á mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀: ẹni tí o ò lè fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́, àmọ́ tí ìjà bá bẹ́ ní páàkì, òun lo máa kọ́kọ́ pè.

"Ṣé ọlọ́pàá ni Lápàdé?" Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, kò ṣe é mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ìwé náà wà. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aṣọ ìjọba lọ́rùn, ó ní ìwé àṣẹ, ó ní ọ̀gá tó lè fi èèyàn kún un. Lápàdé ò ní ọ̀kankan. Ó mọ ọgbọ́n iṣẹ́ náà, kò ní agbára rẹ̀. Tó bá wọ ilé onílé, wọ́n lè pè é lólè. Tí wọ́n bá nà án, ara rẹ̀ ló máa fi gbà á. Nítorí náà, bí èèyàn bá ń kà á, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ pé ìjọba ń bọ̀ wá gbà á sílẹ̀. Àwa tí à ń gbé ẹrù gba ọ̀nà Bídà àti ọ̀nà Sùlèjá lóru, ta ló tún fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún wa?

Ẹ rántí pé kí ìwé yìí tó dé, tí wọ́n bá ti ní ìwé ìtàn Yorùbá, ti Fágúnwà ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọdẹ ló ń bá iwin àti ànjọ̀nú jà nínú igbó kìjikìji. Òkédìjí gbé ìjà yẹn kúrò nínú igbó, ó gbé e wá sígboro Ìbàdàn, sáàárín mọ́tò àti ọlọ́pàá àti jàǹdùkú. Èèyàn bíi tiwa ló ń da èèyàn láàmú níbẹ̀. Èmi ò ní kí ẹ má ka Fágúnwà o. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Bosso, tí kò rí igbó irúnmalẹ̀ rí, páàkì ló mọ̀.

Ìyá kan ní kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé Lápàdé gbé ayé rí, torí ọkọ òun ní àwọn mọ ilé rẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹ bá mi kí Bàbá o, ṣùgbọ́n rárá, inú ìwé ló ń gbé. Kì í ṣe ìwé yìí nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bíi pé obìnrin kan ló ń fi lẹ́tà sọ bí òun ṣe lo ayé òun. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́, wọ́n ń kọ lẹ́tà nítorí rẹ̀. Thomas ló jókòó tó kọ gbogbo rẹ̀. Tí ìtàn bá ti dárúkọ àdúgbò tí o mọ̀, ó ti mú ọ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ bọ̀dá wa tó ń ta fóònù. Ó ní kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀, pé James Hadley Chase ni wọ́n jí wò. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, èmi náà rí i: ìjà ò jìnnà, ọ̀rọ̀ ò gùn, ewu ń lé ewu, ẹni tí à ń pè ní akọni náà ń jẹ ìyà bí ọmọ ọ̀dọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta ni Chase fúnra rẹ̀? Ọ̀pọ̀ yín rò pé ará Amẹ́ríkà ni. Gẹ̀ẹ́sì ni, René Raymond lorúkọ rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1906. Oníṣòwò ni bíi tiwa, ó ń gbé ìwé kiri ojúlé tà kó tó di òǹkọ̀wé. Nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, No Orchids for Miss Blandish, tó jáde ní 1939, máàpù àti ìwé tó ń túmọ̀ èdè ìta àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi kọ ọ́. Paradise City tí ẹ ń kà nínú rẹ̀ yẹn, kò sí níbì kan láyé. Ẹni tí kò gbé Amẹ́ríkà ló ń kọ Amẹ́ríkà, àwa ń kà á ní Minna, à ń gbà á bí ìròyìn. Òkédìjí kọ ìlú tó mọ̀, ní èdè tó fi sunkún lọ́mọdé. Bó bá tiẹ̀ yá ìgbá lọ́wọ́ aládùúgbò, ọbẹ̀ tirẹ̀ ló sè síbẹ̀.

Àwọn kan ń da Lápàdé pọ̀ mọ́ Akin Olúṣínà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Kọ́lá Akínlàdé ló ni Akin Olúṣínà, òun ló kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ oníbéèrè ni Akin. Á jókòó, á fara balẹ̀, á bi èyí, á bi tọ̀hún, á fi ọ̀rọ̀ ẹni àná wọn ti òní, títí irọ́ á fi jábọ́. Lápàdé ní tiẹ̀, ilẹ̀kùn ló máa ń fi èjìká kàn. Èwo ló dáa jù? Àlájà ní Akin ni, torí orí ló ń lò. Èmi fara mọ́ Lápàdé. Pẹ̀lú Akin, mo mọ̀ pé á rí ẹni tó ṣe é kí ìwé tó parí, ohun tí mò ń wá ni bó ṣe máa rí i. Pẹ̀lú Lápàdé, ẹ̀rù a máa bà mí bóyá á délé.

Ẹnìkan béèrè ìdí tí ìwé kẹta fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọdún 36 gbáko. Bàbá ò sùn láàárín ìgbà yẹn. Ó kọ eré Rẹ́rẹ́ Rún, tó jáde ní 1973, lórí ìjà àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wọn. Ó kọ Àtótó Arére, tó jáde ní 1981. Ẹni 40 ọdún ló wà nígbà tí Lápàdé kọ́kọ́ jáde, ó ti lé ní 75 kó tó tún gbé e síta. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bínú tí ọjà bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́nà, ẹ wò ó.

Tóò, ọ̀rọ̀ bàbá wa tó ń ta táyà ló kù, òun ló sì wúwo jù. Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ wọn ọkùnrin, wọ́n ní ìwé ọ̀daràn ni, pé á kọ́ ọmọ ní jàǹdùkú. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré, torí gbogbo wa la rí ohun tí àwọn ọmọ kan ti dà ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fóònù ọmọ yẹn. Ìbọn ń dún níbẹ̀ tọ̀sán tòru, fíìmù Amẹ́ríkà, ti Íńdíà tí wọ́n fi Hausa gbè. Jàǹdùkú ibẹ̀ wọ aṣọ olówó, ó ń gun mọ́tò tó rẹwà, ikú rẹ̀ gan-an dùn ún wò. Ti Òkédìjí ò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ojú tí bàbá yẹn fi ń wo ọmọ tó dà, Àtótó Arére ni kí ẹ kà. Àlàbí lorúkọ ọmọ inú rẹ̀. Ilé ló kọ́kọ́ dàrú mọ́ ọn lórí, ìta ló wá gbà á. Mo kà á, mo dìde lọ wo ibi tí ọmọ tèmi sùn sí.

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá níbì kan: kì í ṣe fún ọmọ kékeré. Ìjà wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń sún mọ́ ìparí JSS, ẹ fún un. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ kà á sókè fún un, kí ẹ fo ibi tó bá yẹ.

Ẹ wò ó, ohun tó ń dùn mí ju ti jàǹdùkú lọ rèé. Ọmọ yẹn ń ka Yorùbá! Mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa? À ń sọ ọ́ sí wọn, Hausa ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Àwọn bàbá wa tí wọ́n bá rélùwéè wá sí Minna ṣì ń fi Yorùbá kọ lẹ́tà sílé. Àwọn ọmọ wa ò lè ka lẹ́tà yẹn. Níjọ́sí, ẹnìkan tẹ orúkọ ìwé yìí sórí gúrúùpù láìsí àmì kankan, "Aja lo leru". Ọmọ mi obìnrin kà á jáde lókè: "Ajá ló lẹrú." Ó bi mí pé, "Màámi, báwo ni ajá ṣe ní ẹrú?" A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ mo jókòó tì í lẹ́yìn náà, mo fi bírò kọ ọ́ fún un. Ajá ni ó ń gbó lẹ́yìnkùlé. Àjà ni òkè ilé tí màmá mi ń kó àgbàdo sí. Ẹrú ni èèyàn tí wọ́n rà. Ẹrù ni ohun tí à ń dì sínú mọ́tò. Ẹ̀rù ni ohun tó ń bani lóru. Owó Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Gbé àmì kan sókè, ó ti di owó ẹ̀jẹ́, owó ẹni tó lọ san ohun tó ṣèlérí fún Ọlọ́run. Ìdí tí mo fi ní kí akọ̀wé wa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mi nìyẹn.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ rèé. Alẹ́, tí a bá ti jẹun tán, mo máa ń kà á sókè. Tí mo bá ti dé ibi tí wọ́n ká Lápàdé mọ́, mo pa ìwé dé, mo ní oorun ń kùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ò lè fara da ìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúwàbí wà lórí àtẹ mi pẹ̀lú, kò fìgbà kan jí i lójú oorun.

Ẹni tó béèrè bóyá irú ìwé báyìí wà láti ọ̀dọ̀ tiwa níbí, bẹ́ẹ̀ ni o. Cyprian Ekwensi, ọmọ Ìgbò ni, Minna níbí ni wọ́n bí i sí ní 1921. The Passport of Mallam Ilia tí àwọn ọmọ ń kà nílé ẹ̀kọ́, òun ló kọ ọ́, ìtàn ẹ̀san nílẹ̀ Hausa. Ó kọ Yaba Roundabout Murder náà. Ọmọ àlejò tó dàgbà sílẹ̀ yìí bíi ti àwọn ọmọ wa ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ ṣá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ló kù. Ẹni tó ní ká lọ fi ẹ̀rọ da gbogbo ìwé kọ, ká máa tà á, mi ò sí níbẹ̀. Tí ẹnìkan bá gbé àmì ọjà tìrẹ lé ayédèrú lórí, ṣé inú rẹ á dùn? Ẹni tó bá ń lọ Ìbàdàn ra ọjà, kó yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé, kó béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ, kó pè mí kó tó sanwó. Ti ọwọ́ mi, ẹni mẹ́ta ló wà lórí ìlà. Ìyá aláṣọ ló kàn, lẹ́yìn náà bọ̀dá oní-fóònù, kó lè rí bóyá Chase ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Bàbá wa oní-táyà, mo ti fi tiyín kẹ́yìn kí ẹ lè kà á títí, ẹ̀yin àti ọmọ yẹn.