Ẹ̀jẹ̀ ríru: Ìdí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké kì í fi í lè fẹ̀ mọ́, àti ohun tí ìwádìí iyọ̀ ní Ghana fi hàn

Ní ọjà Kejetia ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, òórùn momoni ló máa ń ṣáájú kéèyàn tó rí i. Ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀ ni, bí Yorùbá ṣe ń fi irú sí tirẹ̀.

Iyọ̀ inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn oníṣègùn tọpinpin nígbà tí wọ́n wọ abúlé àti ìlú kéékèèké 12 lágbègbè Ashanti, tí Kumasi jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Olóògbé Jacob Plange-Rhule, dókítà ilé ìwòsàn Komfo Anokye, wà lára wọn. Èèyàn 1,013 ni wọ́n yẹ̀ wò. Àbájáde ọdún 2004 fi hàn pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn 140/90 sókè. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀.

Ibẹ̀ ni ewu wà, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni.

Báwo ni iṣan ṣe ń fẹ̀?

Iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe páìpù omi tó dúró sójú kan. Bí èèyàn bá ń gún fufu, iṣan apá rẹ̀ á fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ níbẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú iṣan ló ń pàṣẹ yìí: ó ń tú afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ nitric oxide jáde, èyí tó ń mú kí ẹran tó yí iṣan ká dẹ̀. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta ló gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998 lórí ìmọ̀ yìí.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára gbá iṣan fún ọdún pípẹ́, awọ yẹn á bàjẹ́, nitric oxide á sì dín kù. Ẹran ara iṣan á wá nípọn bí apá alágbàárù, àyè inú rẹ̀ á sì há. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá dín sí ìdajì, tí agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ kò sì yí padà, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá á ṣẹ́ kù sí ìdá kan péré nínú 16. Ọkàn á tún fi kún agbára rẹ̀, ìfúnpá á sì tún lọ sókè. Kíndìnrín, ojú àti ọpọlọ wà lára ibi tó ń jìyà rẹ̀ jù, torí iṣan tínínrín ló kún ibẹ̀. Kódà, dókítà tó bá tan iná sójú aláìsàn lè rí àpá ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀.

Iyọ̀ ńkọ́?

Iyọ̀ máa ń mú kí ara dá omi dúró, ó sì ń dí awọ inú iṣan lọ́wọ́. Ní Ashanti, wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú mẹ́fà nínú 12 náà láti dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì rẹ ẹja oníyọ̀ sómi mọ́jú kí wọ́n tó sè é.

Àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2006 kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, iyọ̀ inú ìtọ̀ apá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àmọ́ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìfúnpá dín ní nǹkan bíi 4 láàárín àwọn tí wọ́n kọ́. Apá yòówù kéèyàn sì wà, bí iyọ̀ rẹ̀ ṣe ń dín ni nọ́ńbà òkè ń tẹ̀lé e.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpo-tíì kan. Iyọ̀ inú momoni àti inú maggi wà nínú ìṣirò náà.