Kí Ọmọ Tó Wọ Kíláàsì Kìn-ín-ní

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ òbí ni kò ní ìwé-ẹ̀rí ìbí tí wọn yóò fi han olùkọ́. Nítorí náà, ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, á fi wá etí òsì. Bọ́wọ́ bá kan etí, ó wọlé. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Apá nìkan ni wọ́n ń wọ̀n.

Lónìí, Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn (UBE) ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà sì fi ọdún kan ní jẹ́léósinmi ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fún ọmọ ọdún 5. Ní ti ìwé-ẹ̀rí ìbí, ọ̀fẹ́ ni àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà (NPC) ń forúkọ ìbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ tó bá ti lè ka ABD délẹ̀ ti ṣe tán. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí olùkọ́ ń wá ni ọmọ tó lè sọ orúkọ ara rẹ̀, tó lè sọ pé òun fẹ́ tọ̀ kó tó tọ̀ sára, tó lè dúró kí ó kàn án, tí a lè rán níṣẹ́ méjì pọ̀ kó má gbàgbé ìkejì.

Ọjà ń kọ́ni nírú nǹkan bẹ́ẹ̀. Aláta tó ní kí ọmọ ọdún 4 ka rodo márùn-ún sórí àwo, kó sì kó tàtàṣé sínú agbọ̀n, ti kọ́ ọ ní ìṣirò, ó ti kọ́ ọ ní orúkọ nǹkan, ó sì ti dán etí rẹ̀ wò. Èyí tó ní “jókòó jẹ́ẹ́!” tó wá gbé fóònù lé e lọ́wọ́ ti pàdánù àǹfààní ọ̀fẹ́. Bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi náà ní ipa tirẹ̀: ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kó jẹ́ kí ọmọ bá a to ọmọ ayò sílé kí wọ́n tó ta á, kó sì pa àlọ́ àpamọ̀ kan tàbí méjì fún un. Káfíńtà lè fi ègé pákó tó fẹ́ sọnù ta jẹ́léósinmi àdúgbò lọ́rẹ, bó bá ti fá a kó dán.

Àwọn òbí kan ń ka Yorùbá léèwọ̀ nílé nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1970 ti já irú èrò bẹ́ẹ̀ ní koro. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún 6 ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn.

Ìlera ló kù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wà ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ẹ má fo ìkejì. Bí ẹ bá pe ọmọ láti ẹ̀yìn tí kò yíjú, tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, tàbí tó ń gbé àwòrán sún mọ́ ojú jù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera tó sún mọ́ yín kí sáà tuntun tó wọlé. Aládùúgbò tó bá kọ́kọ́ rí i, kó sọ fún òbí ọmọ náà.