Kí òbí tó sanwó fún kíláàsì orin àti ijó ọmọ nígbà ìsinmi

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ọ̀pọ̀ òbí ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ló máa ń wá ibi tí ọmọ yóò ti kọ́ orin, ijó tàbí tíátà. MUSON ní Oníkan ń kọ́ni ní píánò àti fayolíìnì. Footprints of David ní Bàrígà ń kọ́ ọmọdé ní ìlù àti ijó.

Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín. Bí ogún ọmọ bá ń dúró de píánò kan ṣoṣo, ìran wíwò lẹ ń sanwó fún. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣọ́ wọn, àti ẹni tí wọ́n lè fa ọmọ lé lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Òṣòdì mọ́ ọn. Bí ọ̀nà bá jìn jù, onílù àdúgbò lè fi bẹ̀rẹ̀.